Ẹni Tó Ní Ọkọ̀ Ń Lọ Kọlu Àpáta

    Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, torí a mọ ara wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kọ gbólóhùn kan síbí. A ní kò yẹ kí ọmọ Ọlọ́run máa pe gbogbo ẹni tó bá bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀tá ìlú. Gbólóhùn kan ṣoṣo! Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ní a ti wọ ẹgbẹ́ alátakò, pé wọ́n ti fún wa lówó. Àwọn tó ń ṣe ẹgbẹ́ alátakò náà tún dìde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa ò le tó, pé ojo ni àwa pásítọ̀. Ẹnì kan tó di ipò mú ládùúgbò ránṣẹ́ wá, ó ní ká yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, pé ìjọ tó bá fẹ́ rójú rere ìjọba kì í sọ irú ẹ̀. Èyí tó dùn wá jù ni tàwọn arábìnrin wa méjì tí wọ́n ti ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Boundary fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Olóṣèlú tí wọ́n torí ẹ̀ ń jà ò sì mọ ìkankan nínú wọn rí.

A ò ní yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò o. Ṣùgbọ́n a jẹ yín ní àlàyé, gbèsè yẹn la fẹ́ san lónìí.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa ò ju ọ̀kan náà lọ: Pásítọ̀, ṣé ó tọ́ kí Kristẹni máa fetí sí alátakò tó ń bi ìjọba nípa iná, nípa omi, nípa ọ̀nà, àti nípa bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú? Ṣé Róòmù orí 13 ò ní ká tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tá a dúró sí ná.

Ayé méjì ni ìjọ wa wà láàárín ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yà sápá kan, Àpápá GRA ni, ilé ńláńlá, ọgbà, igi àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá yà sápá kejì, Ajégúnlẹ̀ ni, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ùròbò, Ìlàjẹ àti Haúsá ti jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà. Ẹ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ dáadáa: Ajé gúnlẹ̀. Ọrọ̀ ti dé, ó ti gúnlẹ̀. Irọ́ kọ́ o, ó ń gúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté Àpápá. Àlìkámà, ọkọ̀, oògùn, aṣọ, ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà wa níbí ni wọ́n ń gbà wọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i, ọrọ̀ tó ń gúnlẹ̀ yìí, kì í sùn lọ́dọ̀ wa. Ariwo tírélà ló ń sùn lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ rántí ọdún tí tírélà tò láti Wharf Road àti Creek Road títí dé orí afárá Ìjọra. Èèyàn á bọ́ọ́lẹ̀, á gbé báàgì lórí, á fẹsẹ̀ rìn. Àwọn onílé ní GRA kó jáde, ilé wọn ò rí ayálégbé. Awakọ̀ tírélà á sùn sábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó rọ́nà wọ èbúté. Ní May 2019, iléeṣẹ́ Ààrẹ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti tú ọ̀nà náà sílẹ̀. Ní February 2021, àwọn aláṣẹ èbúté gbé ètò kan kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pe tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé ojútùú ti dé pátápátá o, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ṣé nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá? Rárá. Àwọn ará àdúgbò ṣe ìwọ́de, oníròyìn kọ ọ́, èèyàn pariwo.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ owó. Ní 29 May 2023, ọjọ́ tí ìjọba tuntun gorí àlééfà, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ ò tó ₦200 fò lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra ẹ̀ máa dá iye rẹ̀. Ní April 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A gbéra láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún ìwọ̀n kan.

Àwọn ará wa tó ń bá èèyàn yọ ẹrù ní èbúté mọ èyí tó tún wà lábẹ́ ẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ẹrù tó bá dé, wọ́n á wá yí i padà sí náírà kí wọ́n tó ṣírò owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Kó tó di June 2023, nǹkan bí ₦422 sí dọ́là kan ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yẹn. Ní February 2024, ó ti kọjá ₦1,300. Ẹrù kan náà ni, kọ̀nténà kan náà ni, iye dọ́là rẹ̀ ò yí padà. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ ó san kó tó jáde ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ta ló máa san án? Ìyá tó ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ ìlọta ni. Bàbá tó ń ra táyà fún kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Ìyá kan nínú ìjọ wa tó ń ta ẹja inú yìnyín ti ta fíríìsà rẹ̀ kan, torí iná àti epo jẹẹnẹrétọ̀ ti ju èrè ẹja lọ.

Ìjọba náà ní àlàyé tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ yẹn ń jẹ owó tó yẹ ká fi kọ́lé ìwòsàn àti ilé ìwé, pé àwọn onífàyàwọ́ ń gbé epo wa gba ẹnubodè kọjá, pé tá a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, gbèsè máa pa wá. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀. Nígbà ìpolongo ìdìbò 2023 gan-an, kì í ṣe Aṣíwájú Tinúbú nìkan ló ní òun máa yọ ọ́. Alhaji Atiku sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Peter Obi náà sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó kù kì í ṣe bóyá ó yẹ ká yọ ọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé: kí lẹ ti pèsè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́? Owó tẹ́ ẹ wá rí lójú ẹ̀, níbo ló wà? Ìpín Ajégúnlẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó ń bèèrè ìyẹn, ṣé ọ̀tá ni?

Ẹ jẹ́ ká rìn padà sẹ́yìn díẹ̀, torí àwọn baba wa ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Gbogbo yín lẹ mọ Chief Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ wọ́n nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ní 17 January 1955. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn níwájú gbogbo Nàìjíríà, iṣẹ́ alátakò ni. Lẹ́yìn ìdìbò December 1959, ẹgbẹ́ wọn, Action Group, ní àga 73 nínú 312, Bàbá Awólọ́wọ̀ sì di olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin l'Ékòó níbí. Ní 1963, ilé ẹjọ́ rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Ní 1966, ìjọba Gowon dá wọn sílẹ̀, ó sì wá fi ọ̀rọ̀ owó orílẹ̀-èdè lé wọn lọ́wọ́ láti 1967 sí 1971. Ẹlẹ́wọ̀n àná ló ń ṣọ́ àpò ìjọba nígbà ogun, wọn ò sì yáwó lókè òkun fi ja ogun náà.

Ìdí tá a fi sọ ìyẹn ni kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí Bàbá Awólọ́wọ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí owó, ẹni tó ti ka owó náà rí ló ń sọ̀rọ̀.

Ó wá di 1981. Ààrẹ Shehu Shagari ló wà lórí oyè, ẹgbẹ́ NPN ló ń ṣèjọba, Bàbá Awólọ́wọ̀ sì ni olórí ẹgbẹ́ UPN. Epo rọ̀bì ti mú owó ńlá wọlé. Ọkọ̀ òkun ń já ìrẹsì, ṣúgà, wáìnì àti mọ́tò sílẹ̀ ní Àpápá níbí bí ẹni pé ọjọ́ iwájú ò ní dé. Bàbá wo ìṣirò, wọ́n rí i pé owó tó ń jáde ti ń ju owó tó ń wọlé lọ. Wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ. Wọ́n fi Nàìjíríà wé ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ kọlu àpáta ńlá, wọ́n ní kí Ààrẹ tó di ìtọ́kọ̀ mú tètè yí orí ọkọ̀ náà padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àjálù ń bọ̀.

Kí ni wọ́n fi dá wọn lóhùn? Àwọn èèyàn ìjọba kò gbà. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ọrọ̀ ajé. Ojú pé ìbò ló ń dun arúgbó ni ọ̀pọ̀ fi wo ìwé náà.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn tí 1981 parí. Ní April 1982, Ààrẹ Shagari fúnra wọn gbé òfin pàjáwìrì lórí ọrọ̀ ajé lọ síwájú àwọn aṣòfin. Wọ́n dín ẹrù tó ń wọlé kù, wọ́n ní kí oníṣòwò kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ ní báńkì kó tó lè kó ẹrù wọlé. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lágbàáyé, àpò ti gbẹ. Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ sọ fáwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń tò fún mílíìkì, fún ọṣẹ, fún ìrẹsì, tí wọ́n pè é ní kòṣeémánìí. Ní January 1983, wọ́n ní káwọn àjèjì tí ò níwèé máa lọ, àwọn ará Gánà di ẹrù wọn sínú àpò onílà yẹn. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1983, sójà gba ìjọba.

Ọkọ̀ ti kọlu àpáta. Ẹni tó kìlọ̀ wà nínú ọkọ̀, ẹni tí ò gbọ́ wà nínú ọkọ̀, ìyá tó ń tajà ní Boundary tí ò mọ ohunkóhun nípa lẹ́tà wà nínú ọkọ̀ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé, Pásítọ̀, alátakò ń dí ìjọba lọ́wọ́. Táwọn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ò bá sí, iṣẹ́ á yá. A ti gbé irú ìgbà bẹ́ẹ̀ rí o! Láti January 1966 títí di October 1979, kò sí ilé aṣòfin kankan ní Nàìjíríà. Kò sí alátakò tó máa dìde lórí àga rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ lójú omi wa yìí? Ní 1974 sí 1975, ìjọba sójà ra sìmẹ́ńtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lókè òkun. Iléeṣẹ́ ààbò nìkan ló ni mílíọ̀nù 16 nínú ẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí èbúté Èkó sì lè já sílẹ̀ lọ́dún kan ò ju nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín: ogún ọdún! Ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 tò sójú omi, wọn ò rí àyè wọlé, ìjọba sì ń sanwó ìdúró fún wọn lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan péré ni ì bá dá a dúró: ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ máa já a sí? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí òfin fún láyè láti bèèrè.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó sún mọ́ ilé. Alhaji Lateef Jákàǹdè, Bàbá Kékeré, tí wọ́n jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin fún Èkó. Sójà dé, ní 1985 wọ́n fagi lé e. Kò sí aṣòfin tó máa bèèrè owó tá a ti san. 4 September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, lẹ́yìn ọdún 38. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ̀ ọ́ láti Suru-Alaba, ẹ mọ iye wákàtí tó ń dá padà fún yín lọ́sẹ̀ kan. Ẹ wá fi ọdún 38 lù ú.

Ẹ bá wa ṣí Bíbélì sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27. Wọ́n ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù. Ẹlẹ́wọ̀n ni, kò nípò, kò ní ìbò. Wọ́n dé èbúté kan ní Kírétè, ìgbà òtútù ti ń bọ̀, Pọ́ọ̀lù sì kìlọ̀ fún wọn pé tá a bá gbéra báyìí, ẹrù máa lọ, ọkọ̀ máa lọ, ẹ̀mí gan-an wà nínú ewu. Balógun ọ̀rún fetí sí ọ̀gá atukọ̀ àti olówó ọkọ̀ ju Pọ́ọ̀lù lọ. Ẹ má bú u jù. Èèyàn tó mọṣẹ́ ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà sì fọwọ́ sí i pé ká lọ. Ṣùgbọ́n olówó ọkọ̀ ní ohun tó ń wá níbi tó fẹ́ gúnlẹ̀ sí. Pọ́ọ̀lù ò ní ẹrù kankan nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni ìjì dé.

Nígbà tí wọ́n ti da ẹrù sómi, tí wọn ò rí oòrùn tàbí ìràwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, Pọ́ọ̀lù dìde. Ó rán wọn létí pé ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ tòun. Ó sọ ọ́, kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀, kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ní kí wọ́n ní ìgboyà, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun, ó bu búrẹ́dì níwájú wọn. Nígbà táwọn atukọ̀ sì fẹ́ fi ọgbọ́n sọ ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ kí wọ́n sá lọ, Pọ́ọ̀lù ló tú àṣírí wọn: táwọn wọ̀nyí ò bá dúró nínú ọkọ̀, ẹ̀yin náà ò ní là. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo 276 ọkàn ló gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ẹ̀kọ́ tá a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé alátakò rere ń kìlọ̀ kí ìjì tó dé, ó sì ń bá wọn gbé omi jáde nígbà tí ìjì bá dé. Méjèèjì pọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ìkìlọ̀ nìkan, tí inú ẹ̀ ń dùn bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ kó lè sọ pé òun ti sọ ọ́, kì í ṣe Pọ́ọ̀lù. Ẹni tó sì ti fi ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ pa mọ́ sẹ́bàá, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti jápa, tó ń fún wa ní ìmọ̀ràn lórí ilé ìwé Ajégúnlẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè dáadáa.

Nítorí kì í ṣe gbogbo alátakò ló ń sọ òótọ́ o. Ohun mẹ́ta la fi ń wò wọ́n.

Ìkíní, ṣé ó ní ìṣirò lọ́wọ́? Èébú ò nílò ìṣirò. Tó bá ní wọ́n kówó jẹ, èló ni, láti inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún wo, fún iṣẹ́ wo?

Ìkejì, kí ló ṣe níbi tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹgbẹ́ tó jẹ́ alátakò ní Àbújá lè jẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ kan. Bàbá Awólọ́wọ̀ lè bi Shagari ní ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ torí pé àwọn gómìnà UPN ń ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́. Jákàǹdè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ l'Ékòó títí tí àwọn ọmọ ò fi ní láti máa lọ sílé ìwé ní ìpín àárọ̀ àti ìpín ọ̀sán mọ́. Ẹ wo ilé ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ìkẹta, ṣé ohùn ẹ̀ máa yí padà tó bá kọjá sódì kejì? Ní 1 January 2012, ìjọba Jonathan gbé epo láti ₦65 sí ₦141. Èèyàn kún Òjótà. Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú, olórí ẹgbẹ́ alátakò ACN nígbà yẹn, kọ ọ̀rọ̀ síta pé Ààrẹ ti ba àdéhùn tó wà láàárín ìjọba àti ará ìlú jẹ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n dá epo padà sí ₦97. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ẹ̀, Aṣíwájú kan náà di Ààrẹ, wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ náà. A ò sọ ọ́ láti bú wọn. Wọ́n lè ní ìdí tiwọn, ìgbà sì lè yí padà. À ń sọ ọ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ̀ ń jà nítorí olóṣèlú lè mọ̀ pé alátakò òní lè di ìjọba lọ́la, kí ìjọba òní sì tún di alátakò. Ìbéèrè ni kì í yí padà. Ẹ di ìbéèrè mú, ẹ fi èèyàn sílẹ̀.

Ká wá padà sí Róòmù 13. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹrí ba fún aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ta ni aláṣẹ ní Nàìjíríà? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 88, fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú. Abala 128 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní irú agbára kan náà. Ẹni tó dìde nílé aṣòfin tó bèèrè ọ̀rọ̀ ò tàpá sí aláṣẹ. Iṣẹ́ tí aláṣẹ rán an ló ń jẹ́. Òfin mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní May 2011 tún fún ìwọ náà, ìyá elẹ́ja, láyè láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n fún ọ ní àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, ó sì ní ọjọ́ méje ni kí wọ́n fi dáhùn. Tá a bá ń bẹ̀rù láti lo ohun tí òfin fún wa, ìtẹríba kọ́ nìyẹn.

Àwọn àgbà tiẹ̀ ní tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ilé kan náà làwa àti ìjọba jọ ń gbé.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tá a ti pinnu nínú ìjọ wa bí ìdìbò 2027 ṣe ń bọ̀.

Olóṣèlú ẹgbẹ́ yòówù lè wá jọ́sìn pẹ̀lú wa, a máa kí i, a máa gbàdúrà fún un. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní gba makirofóònù. A ò ní bú Ààrẹ lórí pẹpẹ, a ò sì ní bú alátakò. 1 Tímótì orí kejì ní ká gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó wà ní ipò, a ò ní dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá bú ará nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú lórí WhatsApp ìjọ, a máa pè é, a máa bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, a máa bèèrè. Ọdún 1915 ni omi ẹ̀rọ Ijù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ Èkó, síbẹ̀ mẹ́ruwà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra omi lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí. Ẹ mọ gọ́tà tó ń gbé omi ẹ̀gbin wọlé yín tójò bá rọ̀. Lẹ́yìn ìsìn Sunday tó ń bọ̀, ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan ṣoṣo wá, èyí tó ní iye owó tàbí ọjọ́ nínú. Àwọn lọ́yà inú ìjọ máa bá wa kọ lẹ́tà. Ẹ̀dà kan máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan sí aṣòfin tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. A máa fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, a máa fọwọ́ sí i, orúkọ wa máa hàn níbẹ̀. Tí wọ́n bá dáhùn, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbí, níwájú gbogbo yín. Tí wọn ò bá dáhùn, a máa kọ òmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí wa pé ká yọ ọ̀rọ̀ wa kúrò, a bọ̀wọ̀ fún yín. A mọ̀ pé ó lè ná wa ní nǹkan. Wọ́n lè má pè wá síbi àdúrà mọ́, ìwé àṣẹ tá à ń retí lè pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ìyá tó ta fíríìsà pé a dákẹ́ kí àga wa má bàa bọ́?

Ẹ̀yin arábìnrin wa méjì ní Boundary, ẹ ti mọ ara yín. Kí ẹni tó bá kọ́kọ́ ka èyí tètè lọ kí èkejì. Ọjà yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí òjò bá rọ̀ lọ́la, olóṣèlú kọ́ ló máa bá yín fa tapólì bo ọjà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa, fún àwọn tó di ìtọ́kọ̀ Nàìjíríà mú ní etí tó ń gbọ́ ìkìlọ̀. Fún àwọn tó ń kìlọ̀ ní òótọ́ inú, má jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ sí ìjì. Ọrọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Àpápá, jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ọkàn tó wà nínú ọkọ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí o ti ṣe fún àwọn 276, jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa tẹ ilẹ̀ láyọ̀. Lórúkọ Jésù.

Ẹ tẹ Àmín sísàlẹ̀. Lẹ́yìn Àmín, ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín àti ìbéèrè kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìjọba dáhùn. Ẹ má kọ èébú o, a máa pa á rẹ́.